Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ní ìwé mi kò lábùkù, ẹni tó fẹ́ kà á ní kò yé òun

Ìwé Yorùbá 26 ni mo yí sí irú èyí tí àwọn aláìríran lè fi ẹ̀rọ kà, tí mo sì ṣe parí pátápátá, kí n tó fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò, èyí tó ń wá àṣìṣe inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, yẹ ẹyọ kan ṣoṣo wò. Gbogbo ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn náà, ibẹ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé láìpẹ́ yìí, èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí pé àwọn rí irú iṣẹ́ yìí gbà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sọ ohun tí èmi náà sọ nígbà yẹn: “Tí a bá ṣe é tán, a ó wá yẹ̀ ẹ́ wò.”

Iṣẹ́ títo ìwé ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, nítòsí Mọ́kọ́lá. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ló ti ń kọjá. Èmi ni mò ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ewé, èmi ni mò ń rí i pé àmì ohùn kò fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Ní 2021, ọ̀gá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ pè mí. Ó ní àjọ kan wà lókè òkun tó ń ṣe ìwé fún àwọn tí kò ríran, wọ́n fẹ́ kí á yí àwọn ìwé Yorùbá ti ilé ẹ̀kọ́ sí EPUB. N kò tíì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tí mo fi ní mo lè ṣe é.

“Ṣé ó dá ẹ lójú ṣá?”

“Ọ̀gá, kí ló wà níbẹ̀?”

Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. EPUB, bí ẹ bá tú u palẹ̀, kò ju àpò ZIP kan lọ. Àwọn ojú ewé tó dà bíi ti íntánẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán, àti fáìlì kan tó ń ka gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí àwọn tí kò ríran fi fẹ́ràn rẹ̀ ju PDF lọ ni pé, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ẹ̀rọ tó ń kà á sí wọn létí lè fò láti àkọlé dé àkọlé, ó lè sọ pé àwòrán ló wà níbí, àtẹ ló wà lọ́hùn-ún, kó sì tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra. Tí wọn kò bá ṣe é dáadáa, inú igbó ni wọ́n sọ onítọ̀hún sí láìfún un ní ọ̀pá.

Òfin náà ti fàyè gbà á. Àdéhùn Marrakesh tí wọ́n ṣe ní 2013, tí Nàìjíríà sì fi òǹtẹ̀ lù ní 2017, jẹ́ kí àwọn àjọ tó ní àṣẹ máa ṣe ẹ̀dà ìwé tí aláìríran lè kà, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìwé tí ẹnì kan bá ṣe ní Ìbàdàn lè di ohun tí ọmọ Yorùbá kan ń kà ní London láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí dùn mọ́ mi nínú, n kò ní purọ́. Owó náà sì dùn mọ́ mi.

Ìwé àdéhùn dé. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó ní gbogbo ìwé gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ EPUBCheck láìsí àṣìṣe, kó kọjá lábẹ́ Ace (ẹ̀rọ ayẹ̀wò ni àwọn méjèèjì), kí á sì fi àbọ̀ ayẹ̀wò méjèèjì há ìwé náà lápá nígbà tí a bá ń fi í ránṣẹ́. Mo ka ìlà yẹn bí ẹni ń ka ìwé tí báńkì ń gbé fún èèyàn nígbà tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì: mo wá ibi tí iye owó wà, mo fọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Ìlà míì tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn tó ní kí á kọ́kọ́ fi ìwé kan ránṣẹ́ kí wọ́n wò ó. Èyí kò tilẹ̀ wọnú etí mi rárá.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe ìwé 26. Mo rí ẹ̀rọ kan tó ń yí fáìlì Word padà sí EPUB, mo ṣe àwòṣe kan tó rẹwà, mo sì ń da ìwé kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ bí ẹni ń da ògì sínú abọ́. Lójú fóònù mi, ó ń dán gbinrin.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kan, iná dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, mo ní kí n yára yẹ ìwé wọ̀nyí wò kí n fi wọ́n ránṣẹ́ lówùúrọ̀. EPUBCheck kò gba owó. Àjọ DAISY, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996 nítorí ìwé àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀, ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún W3C, àwọn tó ń ṣe òfin bí EPUB ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Java nìkan ló nílò, kò sì nílò dátà lẹ́yìn tí o bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Fún wa níbí, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo fi ìwé àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu.

Àṣìṣe 412.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ náà ló ya wèrè. Mo fi ìwé kejì sí i: 388. Ìkẹta: 450 àti díẹ̀. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi kò ju ìlà gígùn gígùn lọ, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní orúkọ àṣìṣe kan náà, RSC-005, RSC-005, RSC-005. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sùn, oorun kò wá.

Ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi nìyí: iye àṣìṣe kì í ṣe iye ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí mo fara balẹ̀ ka àwọn ìlà yẹn lọ́jọ́ kejì, ohun kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ. Nínú àwòṣe mi, mo ti fún àkọlé ní orúkọ ìdánimọ̀ kan, “ori”, àwòṣe náà sì ti lẹ “ori” mọ́ gbogbo àkọlé àti ìhà àkọlé inú ìwé. Òfin ni pé nínú fáìlì kan, ìdánimọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti nǹkan méjì. Ṣé ẹ rí ilé tí gbogbo ọmọ ń jẹ́ Táíwò? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo tún ìlà kan ṣe nínú àwòṣe, 412 di 31. Tó bá ṣe pé mo ti yẹ orí kìíní ìwé kìíní wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà mí, n kò ní tún ìwé 26 ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

31 tó kù yẹn ló wá bá mi jà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ FATAL, irú àṣìṣe tó le jù, RSC-016. Ẹnì kan ti kọ àmì “&” sínú gbólóhùn ìpolówó ilé ìtajà kan, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí àmì yẹn dá dúró nínú irú fáìlì yìí; ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo tún un ṣe, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìdùnnú, 31 di 74. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, pípele ló ń pele sí i. Kò yé mi títí mo fi ronú lé e: nígbà tí ẹ̀rọ náà bá pàdé FATAL nínú fáìlì, ibẹ̀ ló ti máa dúró, kò ní ka ìyókù fáìlì náà. Àwọn 44 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ló tì mọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, FATAL ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ni mo ń wo ERROR (àṣìṣe), kí n tó kan WARNING (ìkìlọ̀). N kì í ka iye mọ́.

Méjì míì wà tí mo ní láti sọ, torí pé mo mọ̀ pé ẹ ó bọ́ sínú wọn. Àkọ́kọ́: nígbà tí mo bá tú àpò náà palẹ̀ láti tún nǹkan ṣe, ńṣe ni mo máa ń tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí fódà, tí n ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ZIP, tí n ó wá yí orúkọ rẹ̀ padà. EPUBCheck á fi àṣìṣe PKG-006 bá mi wí. Fáìlì kékeré kan wà tó ń jẹ́ mimetype; òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú àpò, a kò sì gbọ́dọ̀ fún un pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àṣẹ zip -X0 gbé òun nìkan wọlé, kí ẹ tó kó ìyókù tẹ̀ lé e.

Èkejì jẹ́ ti àwa Yorùbá ní tiwa. Torí ìfẹ́ èdè, mo ti fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì: “iṣẹ́-ṣíṣe.xhtml”, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà ní fáìlì náà kò sí. Mo ń wò ó lójú ara mi níbẹ̀! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà lè kọ “ẹ́” ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ e, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì òkè, méjì. Lójú èèyàn ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọmọ bàbá méjì ni. Ọ̀kan ló wà nínú orúkọ fáìlì, èkejì ló wà nínú ìlà tó ń pè é. Mo sọ gbogbo orúkọ fáìlì di lẹ́tà lásán, mo sì fi àmì ohùn sílẹ̀ fún inú ìwé níbi tó ti wúlò. Nínú ìwé náà gan-an, mo wá sọ gbogbo lẹ́tà di ti ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, torí pé tí àdàlù bá wà, ẹni tó bá wá “ẹ̀kọ́” nínú ìwé lè má rí i rárá. Èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìwé yìí, ẹ̀rọ ayẹ̀wò kò sọ ọ́ fún mi. Ẹ fi síbì kan lọ́kàn yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ wá gbé e jáde: “No errors or warnings detected.” Mo ya àwòrán rẹ̀, mo gbé e sórí status WhatsApp mi. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire láìmọ ohun tí wọ́n ń kí mi fún.

Ó ku Ace. Ọwọ́ DAISY kan náà ni òun náà ti wá, láti 2018. EPUBCheck ń béèrè bóyá ìwé náà tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí EPUB. Ace ń béèrè bóyá ẹni tí kò ríran lè rìn nínú rẹ̀. Ó ní àwọn àwòrán mi kò ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe wọn. Ó lé ní 300 àwòrán. Ohun tí mo ṣe ń tì mí lójú títí di òní. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibi tí àpèjúwe kò sí, kó sì kọ “àwòrán” síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan. Ace dákẹ́. Ó tún ní ìwé kò sọ irú ohun tó ní fún aláìríran. Mo da gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́nisọ́nà wọn kọ sílẹ̀, títí kan àpèjúwe gígùn tí n kò kọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ace tún dákẹ́.

Mo fi ìwé 26 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ímeèlì dé, láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní àjọ náà. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ìdílé, ó wá ní ìwé kan péré lòun ṣí nínú 26, pé òun dá gbogbo wọn padà. Ó ní àbọ̀ Ace máa ń to gbogbo àwòrán inú ìwé sínú àtẹ kan, àwòrán lápá kan, àpèjúwe rẹ̀ lápá kejì, pé àtẹ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí òun ń ṣí, kí òun tó wo iye àṣìṣe rárá. Ó ya àwòrán ohun tó rí fún mi: àwòrán, àwòrán, àwòrán, àwòrán, dé ìsàlẹ̀ ewé. Kò bú mi. Ì bá sàn tó bá bú mi.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kò gbà. Ó ní, “Wọlé sínú ọkọ̀, jẹ́ ká lọ,” ó sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Àgbàlagbà ni kó tó di pé ojú rẹ̀ lọ. NVDA ló ń lò lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí, èyí tí aláìríran kan bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fún un ní ìwé mi lórí fúláàṣì.

“Àbúrò, ìwé kíkà ti ọmọdé ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.”

Ó ṣí i. Ohùn ẹ̀rọ náà sáré bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó ti mọ́ ọn lára bí ohùn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fọ́ Yorùbá sí wẹ́wẹ́, ó lóun máa ń tún un tò lọ́kàn. Ó tẹ́tí, ó dá a dúró, ó tún tẹ́tí. Ó yí ojú sí mi.

“Kí ni ‘dọ́là ẹ́mù dọ́là’?”

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. “Ọmọ” ló wà níbẹ̀, kedere, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Mo ní, “Mà, ọmọ ni wọ́n kọ síbẹ̀.” Ó ní, “Ìwọ lo rí ọmọ. Èmi gbọ́ dọ́là méjì.”

Àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí la mọ ìtàn fọ́ǹtì Yorùbá. Kí Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀, a kò rí ẹ, ọ, ṣ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n tí a dá ni pé ẹnì kan á mú fọ́ǹtì òyìnbó, á yọ àmì dọ́là kúrò, á sì ya ọ síbẹ̀. Lórí bébà, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là ni kọ̀ǹpútà ṣì mọ̀ ọ́n sí. Nínú ìwé 26 tí mo ṣe, 19 ló wá láti inú irú fáìlì àtijọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ti fi fọ́ǹtì yẹn sínú EPUB kí ó lè rẹwà. EPUBCheck kò rí nǹkankan, torí pé dọ́là jẹ́ lẹ́tà tó bófin mu. Ace kò rí nǹkankan. Èmi tí mo lójú méjì, n kò rí nǹkankan. Ìyá yìí gbọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Kí ẹ má bàa rò pé ibẹ̀ ni ìtìjú parí sí: mo délé, mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo dọ́là di ọ. Nínú ìwé ìṣirò, owó Amẹ́ríkà di “ọ500”.

Èdè ìwé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí mo fi yí Word padà ti kọ “en”, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, sí gbogbo ìwé. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ń wò ó bóyá mo sọ èdè ìwé. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ẹni tó bá ní ohùn Yorùbá lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́la, “en” yẹn ni kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó ti di “yo” báyìí, mo sì ń fi “en” sí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá wà láàárín.

Mo pe obìnrin àjọ náà lórí fóònù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ bí àwọn ṣe fẹ́ kí á máa lo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo rò. Mo rò pé òdo, àbọ̀ tí kò ní àṣìṣe kankan, ni wọ́n ń fẹ́. Ó ní àwọn kò lè ṣí gbogbo ìwé tó ń wọlé láti ibi gbogbo, ìwé pọ̀ ju èèyàn lọ; nítorí náà ẹ̀rọ ni àwọn fi ń dá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n ní lè lo àkókò wọn lórí ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀: bóyá àpèjúwe àwòrán bá àwòrán mu, bóyá ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ léra bó ṣe yẹ. Tí mo bá fi irọ́ pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu mọ́, àkókò àwọn èèyàn yẹn ni mo jí.

Ó ní orí kan ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú àbọ̀ ayẹ̀wò rẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìyẹn bá dára, ìwé kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń fi àṣẹ kan ṣoṣo yẹ gbogbo ìwé tó bá wọlé wò lóru, tí àbọ̀ rẹ̀ á wọnú àkọsílẹ̀ wọn fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnì kan jókòó ń tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n fẹ́ kí n sọ ẹ̀dà EPUBCheck àti Ace tí mo lò, torí pé ẹ̀dà tuntun lè rí ohun tí ti àtijọ́ kò rí, a ó wá máa jiyàn lórí òfo. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n fẹ́ kí n máa kọ ohun tí n kò tún ṣe, àti ìdí rẹ̀. “Àbọ̀ tó ní ìkìlọ̀ mẹ́ta pẹ̀lú àlàyé,” ó ní, “wù mí ju òdo tí kò lálàyé lọ.” Odindi ọdún kan ni mo fi ń ronú lórí gbólóhùn yẹn, torí pé nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe ni wọ́n ń gé owó rẹ̀.

Ojú ewé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ń yí ìwé padà, mo ti yọ gbogbo nọ́ńbà ojú ewé kúrò, torí pé ìwé orí ẹ̀rọ kò ní ewé. Ẹ̀rọ méjèèjì kò bá mi wí, kò pọn dandan. Ìyá olùkọ́ yẹn ló bi mí pé, “Tí tíṣà bá ní kí kíláàsì ṣí ojú ìwé 47, kí ni ọmọ tèmi tí kò ríran máa ṣí?” N kò fèsì. Mo padà lọ fi nọ́ńbà ìwé títẹ̀ sí àyè rẹ̀ nínú ìwé 26, àti àtòjọ tí èèyàn lè fi fò lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣe ìyẹn ni Ace wá sọ̀rọ̀: ó ní kí n sọ ìwé títẹ̀ wo ni àwọn nọ́ńbà náà ti wá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé àtẹ̀jáde kan lè yàtọ̀ sí òmíràn.

Oṣù méje ló gbà mí láti tún iṣẹ́ oṣù mẹ́ta yẹn ṣe, yàtọ̀ sí àpèjúwe àwòrán. Owó náà kò tó owó epo jẹnẹrétọ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí kò ṣòro. Orí kan ni mo ń kọ́kọ́ ṣe, èyí tó bá ní àwòrán, àtẹ àti ewì nínú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo da ojú kọ̀ǹpútà dé, mo fi NVDA tẹ́tí sí i láti òkè dé ilẹ̀. Tí etí mi bá kọ̀ ọ́, n kò tẹ̀ síwájú. Mo ń yẹ ìwé wò ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó ọjà kó tó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá le sí i fún àwọn tó ń tà sí Yúróòpù, torí pé láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2025 ni òfin wọn ti ní kí ìwé orí ẹ̀rọ jẹ́ èyí tí gbogbo èèyàn lè lò. Ìdí nìyẹn tí fóònù mi fi ń dún.

Àwọn àpèjúwe àwòrán ni n kò tíì ṣe tán. Èmi fúnra mi ló ń kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá olùkọ́ ló ń gbọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé orí àwòrán ọkùnrin kan nínú ìwé kẹrin. Mo ti kọ pé: “Ọkùnrin kan ń lu gángan.” Ace ò rí wí. Ìyá ní, “Kí ni ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀?” Mo kà á fún un: Irú ìlù wo ni ọkùnrin yìí ń lù? Ó bú sẹ́rìn-ín. “O ti fún ọmọ ní ìdáhùn.”

Mo yí i padà sí “Ọkùnrin kan ń lu ìlù.” Ó ní, “Ìlù wo? Gbẹ̀du ni tàbí bàtá? Ọmọ tó ríran ń wo nǹkan kan kó tó dáhùn. Kí ni tèmi ń wò?”

Mo jókòó ti àwòrán kékeré yẹn fún bí ìdajì wákàtí. Ohun tí mo kọ ni pé: “Ọkùnrin kan fi ìlù kékeré há abíyá. Ìlù náà fẹ̀ lórí àti nídìí, ó tín-ín-rín láàárín. Kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí ló fi ń lù ú.” Mo yẹ ìwé náà wò. Òdo ló ti ń gbé jáde láti àárọ̀, òdo náà ló tún gbé jáde. Mo kà á sí Ìyá létí lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ọṣán ńkọ́? Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kan ìlù yẹn rí, ọṣán ló máa kọ́kọ́ rántí.”

Mo tún ṣí àwòrán náà. Ọṣán wà níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìlù, ó yí i ká.